Bí Ìjọba Bá Dá Owó Padà Fún Wa, Ṣé Ti Ilé Ni Tàbí Ti Ìlú?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé fún ojú ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn yìí, láti Ilé-Ifẹ̀, láti Iléṣà àti láti ọwọ́ àwọn ọmọ ìlú méjèèjì tó wà lẹ́yìn odi, ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ìjọba kan, yálà tiwa níbí tàbí ti òkè òkun, san owó kan padà fún ará ìlú, ẹni tó gbà á sì ń rò ó bóyá kí òun ná an sí ohun tí gbogbo ènìyàn yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò, a sì gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú, ṣùgbọ́n a kò yí ohun tí wọ́n béèrè padà.

Ìbéèrè láti Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń gba owó kan lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ nígbà òtútù, fún iná àti gáàsì tí wọ́n fi ń mú ilé móoru. Wọ́n ní àwọn kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀, àwọn fẹ́ dá a jọ, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sílé fún ire àdúgbò. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ìgbọ́ ìpàdé ni ìpàdé kò ti tòrò mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí a fi kọ́ géètì ńlá sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò, kí a sì kọ orúkọ àwọn tó dá owó sára rẹ̀. Àwọn onílé ní tíránsífọ́mà ni kí a rà. Àwọn obìnrin ní kí a tún kànga ẹ̀rọ tó ti dákẹ́ láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ṣe. Olóyè àdúgbò wa ló ní kí n kọ̀wé sí yín kí a tó tún pàdé. — *Ìyá olùkọ́, Iléṣà*

Ìdáhùn

Ìyá olùkọ́, ẹ kú wàhálà ìlú. Kí ìpàdé tó tún jókòó lórí ohun tí owó náà yóò ṣe, ó yẹ kí gbogbo yín mọ irú owó tó jẹ́ ná. Ọdún 1997 ni ìjọba ilẹ̀ Bìrìtìkó dá owó ìmúlémóoru náà sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà. £200 ni fún ilé kan, ó sì ń di £300 bí ẹni tó ti pé ọdún 80 bá wà nínú ilé náà. Lọ́dún 2024 wọ́n dín in kù sọ́dọ̀ àwọn arúgbó tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan. Ariwo ta, wọ́n sì dá a padà fún gbogbo wọn ní England àti Wales lọ́dún 2025, pẹ̀lú àdéhùn kan tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £35,000 lọ yóò rí owó náà gbà, ṣùgbọ́n àwọn agbowó-orí yóò gba gbogbo rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ sí Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ti ìdúpẹ́ nìkan. Ẹ bi wọ́n léèrè ta ni nínú wọn tí owó náà yóò dúró sí lọ́wọ́ ní tòótọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó ránṣẹ́ sílé nígbà ọdún Kérésìmesì, kí ìjọba sì tún wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá yá.

Kò sí òfin tó fi dandan lé e pé iná ni kí arúgbó fi owó náà rà. Àwọn ará Bìrìtìkó fúnra wọn máa ń fi tọrẹ. Ètò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Surviving Winter, tí ẹni tí apá rẹ̀ ká bùkátà fi ń gbé owó òtútù tirẹ̀ sílẹ̀ fún arúgbó mìíràn tí kò lè san owó iná. Mo ń sọ èyí kí ó má baà bí yín nínú bí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n yín bá ní òun ní aládùúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí òtútù ń bá fínra, pé òun fẹ́ kọ́kọ́ yọ tirẹ̀. Torí òtútù ni wọ́n ṣe san owó náà, Iléṣà kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí i.

Ó wá ku ìjà tó wà nílẹ̀. Géètì ni mo máa kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀. N kò sọ pé ó burú, ṣùgbọ́n géètì tí kò ní ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ọdẹ sì ń gba owó oṣù, owó oṣù ọdẹ kò sì sí nínú ohun tí Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: orúkọ tí wọn yóò kọ sára rẹ̀ ló ń wu àwọn ọ̀dọ́ náà, nítorí wọ́n rò pé ẹni tó bá rí orúkọ ara rẹ̀ nínú fọ́tò yóò tún fi owó mìíràn ránṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tọ̀nà. Ara táńkì kànga ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin ń sọ náà ṣeé kọ orúkọ sí.

Ọ̀rọ̀ tíránsífọ́mà wúwo ju ti géètì lọ, torí pé òkùnkùn ń dun gbogbo wa. Àmọ́ ojúṣe ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ni láti pèsè rẹ̀. Àjọ NERC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná ti là á kalẹ̀ pé àdúgbò tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ náà lórí bí wọn yóò ṣe dá owó náà padà fún wọn. Àdúgbò tó bá sáré rà á láìsí ìwé ti fi ṣe sàráà fún ẹni tí yóò tún máa kówó iná lọ́wọ́ rẹ̀ loṣooṣù. Bí àwọn onílé bá ta kú, kí wọ́n lọ gba ìwé náà wá síwájú ìpàdé. Bí wọ́n bá rí i gbà, kí a tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.

Ibi tí àwọn obìnrin dúró sí ni èmi náà dúró sí. Kànga ẹ̀rọ yẹn ti ní ilẹ̀, ó ti ní táńkì, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ti mọ ọ̀nà ibẹ̀, owó tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ sì ti lọ. Ó ṣeé ṣe kí ohun tó kù tí a óò fi jí i dìde má tó ìdajì ohun tó ti wọlé síbẹ̀. Owó tí a kò retí, tí kò sì dájú pé yóò tún wá, irú iṣẹ́ báyìí ló yẹ ẹ́. Ohun tuntun ń bèèrè owó lọ́dọọdún. Ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀, tí àwọn ènìyàn ti ń lò, a ti mọ ohun tó ń jẹ àti ẹni tó ń bọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta pọ́ọ̀ǹpù fún yín, ẹ mọ ohun tó pa èyí tó wà níbẹ̀. Bóyá pọ́ọ̀ǹpù ló jó, bóyá omi ló sá, ọ̀kan sì lè fa èkejì: nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò sí ohun tó ń pa iná fúnra rẹ̀, ńṣe ni pọ́ọ̀ǹpù yóò máa yí lórí òfìfo títí wáyà inú rẹ̀ yóò fi jó. Ẹ ní kí onímọ̀ ẹ̀rọ yọ pọ́ọ̀ǹpù àti páìpù jáde. Kí ó so irin kékeré tó wúwo mọ́ okùn tí ó ti sàmì sí ní mítà kan sí mítà kan, kí ó sọ ọ́ sínú kànga ní ìdájí títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í. Bí ó bá ti fà á sókè, ẹ fi ọwọ́ yín tẹ̀ lé okùn náà láti ibi tó ti gbẹ títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, kí ẹ kà á. Láti ibẹ̀ dé ìdí irin ni ìjìnlẹ̀ omi tó kù nínú kànga. Kí akọ̀wé kọ iye méjèèjì, ti ibi gbígbẹ àti ti omi, sínú ìwé ìpàdé kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó la ẹnu dárúkọ owó. Bí okùn bá jáde ní gbígbẹ, ẹni tó bá ta pọ́ọ̀ǹpù tuntun fún yín fẹ́ jẹ yín mọ́lẹ̀ ni. Ilẹ̀ àpáta ni ilẹ̀ Iléṣà. Ọ̀pọ̀ kànga tí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró nínú ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta, tí wọn kò gbẹ́ dé ibi tí àpáta ti sán tí omi ń gbà kọjá, ló máa ń gbẹ lóṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà tí á tún jí nígbà òjò. Irú kànga bẹ́ẹ̀, kí a gbẹ́ ẹ jìn sí i ni oògùn rẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ sì ṣe é, kì í ṣe ìgbà tí omi kún ilẹ̀ tí gbogbo kànga dà bí ẹni pé ó dára.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò omi náà pẹ̀lú. Wíwa wúrà ti gbilẹ̀ ní àyíká Iléṣà, n kò sì ní gbà kí ọmọ mi mu omi kànga tí wọ́n tún ṣí lágbègbè yẹn láìjẹ́ pé a ti gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò kí wọ́n wò ó bóyá òjé tàbí májèlé mìíràn wà nínú rẹ̀. Ìgò omi kan ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tí ìpàdé kì í fẹ́ gbọ́. Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Bí mo bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yín, n kò ní fọwọ́ sí i kí ẹ ná ju ìdá méjì nínú mẹ́ta owó náà lórí àtúnṣe. Kí ìyókù wà ní báńkì de ọjọ́ tí nǹkan yóò tún bàjẹ́, nítorí pé yóò tún bàjẹ́. Kí ẹni tó bá pọn omi sì máa san owó díẹ̀ lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, àyàfi arúgbó tí kò ní ọmọ nítòsí. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ obìnrin tí ilé rẹ̀ sún mọ́ kànga, kí ìwé owó sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1934. Ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ tí a ń kúrò nídìí rẹ̀: owó olùkọ́ ń bẹ loṣooṣù, òrùlé ń jò, bẹ́ǹṣì ń ṣẹ́. Àwọn bàbá wa tó dáwọ́ lé e mọ̀ pé ọjọ́ ìṣílé kọ́ ni ìnáwó parí.

Ní ti bí owó náà yóò ṣe wọlé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gba inú àkáǹtì ẹnì kankan, kódà kí ẹni náà jẹ́ olóyè àdúgbò tàbí ẹ̀yin fúnra yín. Báńkì yóò bèèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ yín lọ́wọ́ ìjọba kí ó tó ṣí àkáǹtì fún un. Bí ẹ kò bá tíì ní in, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó ń rí sí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ọ̀nà ti CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gùn, ó sì ń ná ni lówó. Kí ènìyàn mẹ́ta máa tọwọ́ bọ̀wé, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ń pọn omi níbẹ̀, kí ẹ sì máa ka ìṣirò sí etí gbogbo ìpàdé, títí kan owó ọ̀kadà.

Ìbéèrè láti Ilé-Ifẹ̀

Olóòtú, ọmọ mi ló bá mi kọ ìwé yìí. Ata ni mò ń tà ní ọjà Odò-Ogbè, opó sì ni mí. Owó ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ìjọba àpapọ̀ fi ń rọ̀ wá lẹ́yìn tí epo wọ́n wọlé sínú àkáǹtì mi. Alága àdúgbò wa gbọ́, ó ní gbogbo àwa tí owó wọlé fún gbọ́dọ̀ mú ₦5,000 wá, kí a fi la gọ́tà, pé owó ìjọba ni, owó ìjọba sì ni owó gbogbo wa. Mo ti fi tèmi ra àpò ata gbígbẹ. Wọ́n ń wò mí bí olè. Ṣé mo jẹ̀bi? — *Ìyá aláta*

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Ìjọba fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ohun gbogbo gbówó lórí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n kéde pé ìdílé mílíọ̀nù 15 tó ṣaláìní jù lọ yóò máa gba ₦25,000 lóṣù kan fún oṣù mẹ́ta. Ìwé orúkọ àwọn aláìní tí ìjọba ní lọ́wọ́ ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni ètò náà sì ní kí ó jókòó, kí wọ́n dárúkọ ẹni tí kò rí jájẹ láàrin wọn. Ó túmọ̀ sí pé, kí orúkọ yín tó wọ inú ìwé náà, ìlú ti kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀yin ni owó náà tọ́ sí. Lóòótọ́ ni alága sọ pé owó gbogbo wa ni. Gbogbo wa náà la fún yín.

N kò fẹ́ kí ẹ bínú sí alága, torí ó jọ pé gọ́tà náà ń dùn ún lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ìsọ̀ yín wà lára àwọn tí omi ń ya wọ̀. Àmọ́ àṣẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti bu owó orí lé owó aláìní. Ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ó kọ̀wé sí nípa gọ́tà, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ owó dídá lọ́dọ̀ àwọn onílé alájà méjì àti àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ojú títì, tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé aláìní. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń wò yín bí olè gbọ́. Ẹni tó bá ti rí owó ra àpò ata kan kò ní lọ yá owó èlé sọgúndogójì lóṣù yẹn. Ọmọ rẹ̀ yóò lọ sí ilé ìwé. Ata yóò wà lọ́jà fún ẹni tó fẹ́ rà. Lójú tèmi, ire ìlú náà nìyẹn, kò sì dìgbà tí a bá la gọ́tà. Bí ẹ bá wá rí okun, tí wọ́n bá pe iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ní ọjọ́ ìmọ́tótó, ẹ gbé ọkọ́ yín jáde bí àwọn yòókù. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi ipá bèèrè owó náà, ẹ ní kí ó fi ọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó buwọ́ lù ú. Ó dájú lọ́kàn mi pé kò ní kọ ọ́.

Ìbéèrè láti Iléṣà

Mo fẹ́ fi owó orí tí wọ́n yọ jù nínú owó oṣù mi, tí wọ́n sì dá padà fún mi, ran ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò wa lọ́wọ́. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ yọ ìdá mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Mùsùlùmí ní ní ti àwọn, zaka nìkan ló kàn án. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — *Òṣìṣẹ́ ìjọba*

Ìdáhùn

Ní ti zaka, ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni, lórí ọrọ̀ tó ti dé ìwọ̀n kan tó sì ti pé ọdún kan lọ́wọ́ ẹni. Owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lánàá kò tíì dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀, àlùfáà sì ni kí ọ̀rẹ́ yín bi léèrè bí ó bá kan òun náà. Ní ti ìdá mẹ́wàá, àárín ẹ̀yin, ìyàwó yín àti ìjọ yín ni, n kò ní bá yín dá sí i. Mo kàn rí i pé bí owó náà bá jẹ́ èyí tí ẹ ti san ìdá mẹ́wàá lé lórí nígbà tó wà nínú owó oṣù, ẹ lè fi ìyẹn bẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun fún ilé ìwòsàn náà, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́mọ. Bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo onínúure máa ń rà. Ohun tó máa ń tán ni ìbọ̀wọ́, ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ṣiṣẹ́, bátìrì iná sólà tó ti kú, àti omi tí agbẹ̀bí yóò fi fọwọ́.

Ìbéèrè láti Ilé-Ifẹ̀

Band A ni wọ́n pe àdúgbò wa, ìyẹn àwọn tó yẹ kí iná wọn máa pé wákàtí 20 lójúmọ́, ṣùgbọ́n tiwa kì í pé bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá fi owó gba-má-bìínú ránṣẹ́ sí wa gẹ́gẹ́ bí iná orí mítà. Àwa tí a jọ ń gbé ilé fẹ́ dá a jọ fún iná ojú pópó. Báwo ni a ṣe lè ṣe é? — *Akẹ́kọ̀ọ́ kan*

Ìdáhùn

Kò ṣeé dá jọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà mítà kan ṣoṣo ni tókìnnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ sínú mítà kí iná tó wọlé, mọ̀, kò sì wúlò lórí mítà mìíràn. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lo iná tirẹ̀, kí ó sì yọ iye owó tí kò ná lórí iná lóṣù yẹn sínú àpótí. Kò ní tó ra òpó iná sólà, ṣùgbọ́n yóò tó ra gílóòbù kan fún ojú géètì ilé kọ̀ọ̀kan, tí onílé yóò máa tàn láti inú ilé. Láìpẹ́ ni òkùnkùn yóò dín kù ní òpópónà náà. Ẹ gba àdéhùn lẹ́nu àwọn onílé kí ẹ tó ra gílóòbù.

Ìbéèrè láti Houston, Amẹ́ríkà

Ọmọ bíbí Ilé-Ifẹ̀ ni mí. Lásìkò kòrónà, ìjọba Amẹ́ríkà san owó fún wa lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ mi kò dúró, n kò sì fọwọ́ kan owó náà títí di òní. Mo fẹ́ fi kọ́ yàrá kọ̀ǹpútà sí ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba tí mo lọ ní Ifẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìwà àìṣòótọ́ ni, pé torí kí ọjà lè tà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe fún wa lówó náà, kì í ṣe kí a kó o lọ sí Nàìjíríà. Ṣé òótọ́ ló sọ? Bí mo bá sì fi tọrẹ, ṣé wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú owó orí mi? — *Ọmọ Ifẹ̀ lókè òkun*

Ìdáhùn

Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́ nípa ìdí tí wọ́n fi san án. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe lọ́dún 2008 nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn ń mì, tí wọ́n san owó tó lè tó $600 fún ẹnì kan àti $1,200 fún tọkọtaya, kí àwọn ènìyàn lè ná an kí ọjà sì gbérí. Ti kòrónà pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: $1,200 fún àgbàlagbà lọ́dún 2020, $600 tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìparí ọdún yẹn, àti $1,400 lọ́dún 2021. Àmọ́ ìdí tí ìjọba fi ṣe nǹkan yàtọ̀ sí àdéhùn tó so mọ́ ọn, owó yìí kò sì ní àdéhùn kankan. Lójú òfin wọn, ìdápadà owó orí ni, wọn kò sì kà á mọ́ owó tó ń wọlé fún ni. Tiyín ni. Ẹ ti jẹ́ kí ó pẹ́ ní báńkì ju bó ti yẹ lọ, ní tèmi.

Fífi irú owó bẹ́ẹ̀ tọrẹ kì í sì í ṣe ohun àjèjì ní Amẹ́ríkà. Ní ìpínlẹ̀ Alaska, ọdọọdún láti 1982 ni wọ́n ti ń pín nínú èrè owó epo fún ará ìlú kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2009 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Pick.Click.Give ti jẹ́ kí ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù láti gba owó náà lè tọ́ka lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n bu díẹ̀ fún nínú rẹ̀. Àwa tí a ní epo tiwa, a kò ní ohun tí a óò sọ níbẹ̀ ju pé a gbọ́.

Ní ti owó orí: bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ tààrà sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Nàìjíríà, òfin Amẹ́ríkà kò ní kà á mọ́ ọrẹ tí wọ́n lè yọ kúrò nínú owó orí yín. Ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ní àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe ń ná owó náà, ni ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé ẹ̀kọ́ yín bá ní ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà, ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé rẹ̀ wò. Ẹni tó ń bá yín ṣe ìṣirò owó orí ni yóò sọ bí ó bá tilẹ̀ ní àǹfààní kankan fún yín.

Yàrá kọ̀ǹpútà ni kò dá mi lójú. Mo ti wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú ilé ẹ̀kọ́ ìjọba: irin lójú fèrèsé, páádì ńlá lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ bo kọ̀ǹpútà lórí, eruku bo aṣọ, iná kò sí, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n ti gba ìwé ìfipòsípò lọ sí ibòmíràn. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní SBMC, níbi tí òbí àti ará àdúgbò ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́, kí ẹ má dárúkọ kọ̀ǹpútà rárá, kí ẹ kàn bèèrè ohun mẹ́ta tó ń dí wọn lọ́wọ́ jù lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fóònù olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan láìjẹ́ kí ọ̀gá wà níbẹ̀, kí ẹ bi òun náà. Bí orúkọ ohun kan bá jáde nínú ìdáhùn méjèèjì, ibẹ̀ ni kí owó náà lọ. Ó lè jẹ́ kẹ́míkà àti ohun èlò fún ìdánwò àṣefihàn ti WAEC, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń pín ẹyọ kan lò. Ó lè jẹ́ òrùlé kíláàsì méjì. Ó lè jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin. Bí ó bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n dárúkọ lóòótọ́, tí wọ́n sì ní olùkọ́ tí yóò kọ́ wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sólà.

Ilé ìjọba ni ilé ẹ̀kọ́ náà, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bíríkì kan lé òmíràn láìsí ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Àwọn tó ń ta ọjà àti kápẹ́ńtà ni kí ẹ san owó fún, kì í ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì san ìdajì ṣáájú, ìdajì nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ yín kan tó ń gbé Ifẹ̀ bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà nígbà òjò, bí ó bá jẹ́ òrùlé ni.